Mo fẹ́ kó Windows mi bó ṣe wà lọ sórí SSD tuntun, Clonezilla ní àyè ò tó

Fótò_Fọlágbadé

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí n tó ṣe ohun tí ò ní ṣeé tún ṣe. Mo ní ṣọ́ọ̀bù n'Íjẹ̀bú-Òde, à ń ya fọ́tò, à ń tẹ ìwé ìpè, ìwé ètò ìsìnkú, báńà, jọ́tà tí wọ́n máa ń pín lóde àríyá, gbogbo ẹ̀ ṣáà. Láptọ́ọ̀pù tí mo fi ń ṣiṣẹ́ ti di ìgbín pátápátá, bí mo bá tàn án láàárọ̀ mo lè jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín tán kó tó ṣí, Corel tí mo fi ń ṣètò iṣẹ́ tún ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, kọ́sítọ́mà á jókòó síbẹ̀ á máa wò mí lójú. Hard disk 500GB ló wà nínú ẹ̀, irú èyí tó ń yí yẹn. Wọ́n ní SSD, disk tí kì í yí tó sì yára jù ú lọ, ni mo nílò, mo sì ti ra ẹyọ kan, 240GB, torí ibi tí owó mọ nìyẹn.

Ẹni tó ń bá wa tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò ní kí n gbé e wá kóun fọ́ọ̀mátì ẹ̀, kóun fi Windows tuntun sí i. Mo ní rárá o. Fọ́ńtì tí mo ti kó jọ síbẹ̀ látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí ò lóǹkà, prìńtà méjì ló wà tí dráífà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí kó tó gbà, tòun ti àwọ̀ tí mo ti sẹ́tì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí aṣọ ẹbí má baà jáde láwọ̀ míì lórí ìwé, Corel fúnra ẹ̀ ńkọ́, í-meèlì tí mo fi rà á nígbà yẹn mi ò rọ́nà wọ̀ ọ́ mọ́. Tí wọ́n bá nu gbogbo ìyẹn, ó dìgbà wo? Iléyá ò jìnnà mọ́, ọjọ́ kẹta ẹ̀ sì ni Ojúde Ọba, ẹ mọ bí ibí ṣe máa ń rí, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló fẹ́ báńà tiẹ̀, gbogbo wọn ló sì fẹ́ ẹ lọ́la.

Mo wá fi Clonezilla, ètò ọ̀fẹ́ tó ń kó disk kan bó ṣe wà sórí òmíì, sórí fláàṣì, mo fi kébù USB so SSD mọ́ láptọ́ọ̀pù, ó ṣe díẹ̀ ó ní ibi tí mò ń kó o lọ kéré sí ibi tí mo ti ń kó o bọ̀. Bẹ́ẹ̀ C mi, apá disk tí Windows wà, ò kún o! Ohun tó wà lórí ẹ̀ ò ju bí 120GB lọ, D ni fọ́tò kún. Kí ló wá ń bá mi jà fún? Ṣé dandan ni kí n lọ ra 500GB ni?

Ọmọ_Mákùn

Ẹ̀gbọ́n ẹ jẹ́ kó fọ́ọ̀mátì ẹ̀ jàre. Windows tó ti pẹ́ báyẹn, pàǹtí ti kún inú ẹ̀, gbogbo ẹ̀ náà lẹ sì máa kó lọ sórí tuntun yẹn. Tó bá tún lọ jẹ́ Windows 10, Microsoft ti dáwọ́ dúró lórí ẹ̀ ní 14 October 2025, kí lẹ tún fẹ́ gbé e káàkiri fún? Wákàtí kan àtààbọ̀ Windows tuntun ti wọlé, ó tán.

Ẹ̀rọ_Rẹ́mọ

Àbúrò, ìwọ tó ń fi tìẹ wo fíìmù lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń fi tiẹ̀ jẹun, wákàtí kan àtààbọ̀ yẹn Windows nìkan ló máa wọlé, ta ló máa bá a wá fọ́ńtì àti dráífà prìńtà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é lè ti yọ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Lórí Windows 10 o ò parọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kó kọ́kọ́ kó o kúrò lórí disk tó ń yí, tí kọ̀ǹpútà ẹ̀ bá ní TPM 2.0 (nǹkan ààbò kékeré kan nínú kọ̀ǹpútà) tí Intel tó jẹ́ ọpọlọ ẹ̀ sì tó 8th Gen sókè, á tibẹ̀ gòkè lọ sí 11 láìnu nǹkan kan nù. Tí ò bá tó, kò tó náà nìyẹn, fọ́ọ̀mátì ò ní sọ ọ́ di tuntun.

Bọ̀ọ̀dá, Clonezilla ò bá yín jà. Kì í wo iye ohun tó wà lórí disk kó tó sọ̀rọ̀, bí disk fúnra ẹ̀ ṣe tóbi tó ló ń wò: 500 níbí, 240 lọ́hùn-ún, ó parí. Ẹ lè fagbára mú un, ẹ wọ Expert mode, ẹ yan -icds kó má yẹ ìwọ̀n disk wò mọ́, kí ẹ tún yan -k1 kó pín SSD bí wọ́n ṣe pín ti àtijọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti máa bẹ́ fún yín, torí -k1 yẹn ìdá ló ń tẹ̀ lé. Ká ní C yín jẹ́ 200 nínú 465 tí Windows ń fi hàn yín, ìdá kan náà ló máa fún un nínú 223 tí SSD yín máa jẹ́ gan-an, ìyẹn ò tó 97, ẹ sì ní ohun tó wà nínú ẹ̀ jẹ́ 120. Kò ní wọ̀ ọ́. (Tí ẹ bá rí 223 yẹn ẹ má lọ gbá ẹni tó tà á fún yín létí o, àwọn tó ń ṣe disk ń ka ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún, Windows ń ka 1024-1024, bí gbogbo disk ṣe rí nìyẹn.)

Nítorí náà ẹ ò nílò 500 fún Windows. Ẹ kàn nílò ohun tó máa jẹ́ kí ẹ mú apá tí ẹ fẹ́ kí ẹ fi D sílẹ̀. Ká tó débẹ̀, ẹ bá mi wo nǹkan mẹ́ta. Ẹ dáńlódù CrystalDiskInfo tó ń yẹ ìlera disk wò, ọ̀fẹ́ ni, kí ẹ sọ àwọ̀ tó mú wá fún disk àtijọ́. Ẹ tẹ msinfo32, ẹ wo iwájú BIOS Mode bóyá UEFI ni àbí Legacy, ọ̀nà méjì tí kọ̀ǹpútà ń gbà ṣí nìyẹn. Ẹ wá ṣí Disk Management, ẹ ka gbogbo partition, ìyẹn apá tí wọ́n pín disk sí, tí ẹ bá rí lórí disk yẹn sílẹ̀ fún mi bó ṣe tò tẹ̀ lé ara wọn, tòun ti ohun tí wọ́n kọ sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Fótò_Fọlágbadé

Ẹ ṣeun bàbá. CrystalDiskInfo mú yẹ́lò wá, ó kọ Caution. Ìlà tó mú yẹ́lò ni C5, Current Pending Sector Count, nọ́ńbà wà níbẹ̀ tí kì í ṣe òdo. UEFI ni BIOS Mode. Disk Management: 100MB EFI ló kọ́kọ́ wà, C 200GB tẹ̀ lé e, Recovery kékeré kan, wá D 265GB. Lábẹ́ C wọ́n kọ BitLocker Encrypted síbẹ̀. Èmi ò mọ ẹni tó tì í o, mi ò fọwọ́ kan irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ẹ̀rọ_Rẹ́mọ

Ẹ dúró. Ẹ gbàgbé Windows náà, ẹ gbàgbé Clonezilla.

C5 tí nọ́ńbà wà níwájú ẹ̀ túmọ̀ sí pé ibìkan wà lórí disk yẹn tó ti gbìyànjú láti kà tí kò rí kà, ó ṣì ń retí bóyá ó máa rí i kà nígbà míì. Ó ṣeé ṣe kí apá kan ìgbín tí ẹ ń rí yẹn wá látibẹ̀, torí tó bá débẹ̀ á dúró, á gbìyànjú, á tún gbìyànjú, gbogbo kọ̀ǹpútà á dákẹ́ dè é. Disk bẹ́ẹ̀ ṣì lè pẹ́, ó sì lè kú ní ọ̀la. Clone, ìyẹn kíkó disk bó ṣe wà sórí òmíì, sì rèé, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ló máa ní kó ka ohun tó wà lórí ẹ̀ láìsinmi, iṣẹ́ tó le jù tí wọ́n lè fún disk tí ara ẹ̀ ò yá nìyẹn. Fọ́tò àwọn èèyàn ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde. Corel ẹ máa rà á míì, ìgbéyàwó tí wọ́n ti ṣe tán ẹ ò lè ní kí wọ́n tún un ṣe.

Ẹ wá external, disk tí wọ́n ń so mọ́ ọn níta, tí ara ẹ̀ dá, ẹ yá a tí kò bá sí. Ẹ má fi copy and paste lásán ṣe é, tó bá kan fáìlì kan tí kò ṣeé kà á dúró síbẹ̀ á máa bi yín léèrè, ẹ̀yin á sì ti lọ sùn. Ẹ ṣí Command Prompt, tí external bá jẹ́ E ẹ kọ:

robocopy D:\ E:\Foto /E /R:1 /W:1

/R:1 àti /W:1 yẹn ni pàtàkì ẹ̀. Tí ẹ ò bá fi sí i, robocopy á máa tún fáìlì tó bàjẹ́ gbìyànjú ṣáá: ìgbà mílíọ̀nù kan ni wọ́n sẹ́tì í sí, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá láàrin ìkan sí èkejì. Bí ẹ ṣe sẹ́tì í yìí, ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa tún un gbìyànjú, á fò ó, á lọ síwájú, tó bá parí á sọ iye tí kò rí gbé. Ẹ kọ́kọ́ ṣe fóldà iṣẹ́ tí ẹ ò tíì fún oníṣẹ́, àwọn tó ti gba tiwọn lè tẹ̀ lé e. Kí ẹ tún gbé fóldà Documents àti fọ́ńtì yín pẹ̀lú, inú C:\Windows\Fonts ni ọ̀pọ̀ wọn wà.

Àǹtí_Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ bá mi fi tèmi kún un. Bọ̀ọ̀dá, BitLocker ni àgádágodo tí Windows fi ń ti disk, kò sẹ́ni tó ti C yín. Kọ̀ǹpútà míì wà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ṣe fi àkáǹtì Microsoft wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló ti máa ti ara ẹ̀, kò ní bèèrè. Wàhálà ẹ̀ ni pé bí nǹkan bá yí padà nínú kọ̀ǹpútà, ó lè là búlúù sí yín lójú kó ní kí ẹ mú recovery key wá, nọ́ńbà 48 ni, ẹ ò sì lè méfò ẹ̀. Ẹ mú fóònù yín, ẹ lọ sí aka.ms/myrecoverykey, ẹ fi àkáǹtì tó wà lórí láptọ́ọ̀pù yẹn wọlé, ẹ máa rí i. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ má lọ tọ́jú ẹ̀ sórí láptọ́ọ̀pù kan náà o, mo ti rí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí administrator, ẹ kọ manage-bde -off C: kó tú u pátápátá. Ó máa pẹ́.

Ọ̀rọ̀ pé Windows á bèèrè owó tí ẹ bá pààrọ̀ disk, ẹ fọkàn balẹ̀, motherboard, pákó ńlá inú kọ̀ǹpútà, ló so ìwé àṣẹ ẹ̀ mọ́, kì í ṣe disk.

Ẹ̀rọ_Rẹ́mọ

Àǹtí, òótọ́ lẹ sọ, ìmọ̀ràn tí mo máa fún ẹni tí disk ẹ̀ dá nìyẹn. Ti bọ̀ọ̀dá yìí ni mo ń bẹ̀rù, torí -off yẹn máa ka gbogbo C, á tún un kọ padà sórí disk tó ti ń ṣàìsàn. Ká kàn dá a dúró fúngbà díẹ̀ ló dáa: manage-bde -protectors -disable C: Kò ní kọ nǹkan kan padà. Ti recovery key yẹn ẹ ṣe é bí àǹtí ṣe wí, kò ṣeé fo.

BitLocker yìí náà ni mi ò fi fẹ́ Clonezilla fún yín mọ́. Ìta ló ti ń wọlé, títì ló máa bá C. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ láti inú Windows á bá a ní ṣíṣí, á kà á bí ẹ̀yin náà ṣe ń kà á. Ẹ kọ́kọ́ wo páálí SSD yín, tàbí sáìtì ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Crucial, Kingston àti WD máa ń fún àwọn tó ra tiwọn ní Acronis tó ń ṣe clone, Samsung ní tiẹ̀ lọ́tọ̀, kì í sì í ṣe fún SSD ẹlòmíì. Macrium Reflect lèmi ń lò, èyí tó wà lọ́fẹ̀ẹ́ ti wábi gbà láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń tà á kájú iṣẹ́ yín. Ohun tí mo fẹ́ràn ẹ̀ ni pé ẹ lè fọwọ́ mú EFI, C àti Recovery kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú D. Ẹ máa rí kékeré kan 16MB tí Disk Management ò fi hàn yín, MSR ni wọ́n ń pè é, òun náà á bá wọn lọ. Ẹni tó bá gbé C nìkan, gbogbo iṣẹ́ ẹ̀ á wà lórí SSD pérépéré, kọ̀ǹpútà ò sì ní ṣí, torí inú 100MB EFI yẹn ni wọ́n ti ń tàn án.

D á wà lórí disk àtijọ́ bó ṣe wà, ìyẹn tún ti di ẹ̀dà mìíràn fún yín.

Lẹ́yìn tí fọ́tò bá ti jáde, ẹ ṣe chkdsk C: /r, kó wá ibi tó bàjẹ́ kó sàmì sí i, kó tó di pé ẹ ṣe clone. Á ní òun máa ṣe é tí ẹ bá tún un tàn, ẹ fi alẹ́ kan fún un. Ẹ pa Fast Startup, tí kì í jẹ́ kí Windows kú tán tí ẹ bá pa á. Ihò USB tó ní búlúù nínú ni kí ẹ fi SSD sí, kí ẹ sì wá ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní kọsẹ̀ lára kébù yẹn. Ti iná, bátìrì láptọ́ọ̀pù lẹ ń gbára lé, ẹ jẹ́ kó kún. Bí iná bá tiẹ̀ lọ láàrin, kíkà lásán ló ń ka ti àtijọ́, SSD nìkan ni kò ní pé, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti òkè ni.

Tó bá parí, ẹ pa á, ẹ yọ ti àtijọ́, ẹ fi SSD síbẹ̀. Ẹ má fi méjèèjì tàn án pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà lè wà lára àwọn méjèèjì, Windows lè ti ìkan pa, tàbí kó dàrú kó máa fi ti àtijọ́ ṣí, ẹ̀yin á sì máa sọ pé SSD ò yá.

Ọmọ_Mákùn

Ẹ̀gbọ́n ẹ má bínú, mo ti gbọ́. Mi ò mọ̀ pé disk ọ̀hún ti ń kú lọ ni. Fọ́ọ̀mátì náà ò bá ti nu fọ́tò àwọn èèyàn lọ.

Fótò_Fọlágbadé

Ẹ ṣeun gan-an ni o, Ọlọ́run á máa ṣíjú àánú wò yín. Fọ́tò ti jáde, robocopy ní àwọn díẹ̀ ò ṣeé gbé, mo wò ó, ọ̀pọ̀ ẹ̀ jẹ́ ti ìkómọ tí mo ti fún wọn ní tiwọn tipẹ́. Key yẹn wà nínú ìwé, mo fún ìyàwó mi pa mọ́. Chkdsk ṣe tán, Macrium ṣe tán, kò ké. Mo fi SSD síbẹ̀, mo tàn án, ojú búlúù: Your PC needs to be repaired, 0xc000000e. Jìnnìjìnnì fẹ́ẹ́ bò mí, mo dá ti àtijọ́ padà, ó ṣí, kò sóhun tó ṣe é. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀rọ_Rẹ́mọ

Ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú, kékeré nìyẹn. Gbogbo nǹkan ti dé, ìwé kékeré tó ń sọ fún un pé orí disk báyìí ni Windows wà ló ṣì ń dárúkọ disk àtijọ́. Ẹ lo kọ̀ǹpútà míì fi Media Creation Tool ti Microsoft ṣe fláàṣì Windows, ẹ dá SSD padà sínú láptọ́ọ̀pù kí òun nìkan wà níbẹ̀, ẹ fi fláàṣì tàn án. Tó bá dé ibi Install ẹ má tẹ̀ ẹ́ o, ẹ wá Repair your computer nísàlẹ̀, ẹ lọ sí Troubleshoot, Command Prompt. Ẹ kọ diskpart, lẹ́yìn náà list vol. Ẹ wo èyí tó jẹ́ FAT32 100MB, ká ní Volume 2 ni: select vol 2, assign letter=S, exit. Ẹ wo lẹ́tà tí wọ́n fún ibi tí Windows wà, torí níbẹ̀ ó lè má jẹ́ C, dir C:\ á fi hàn yín bóyá fóldà Windows wà níbẹ̀. Wá kọ:

bcdboot C:\Windows /s S: /f UEFI

Tó bá dáhùn pé Boot files successfully created, ẹ yọ fláàṣì, ẹ tàn án.

Fótò_Fọlágbadé

Ó TI ṢÍ OOOO! Mi ò tíì jókòó dáadáa tó ti ń béèrè pásíwọ́ọ̀dù. Corel ṣí, fọ́ńtì pé, mo fi prìńtà méjèèjì tẹ ìwé kan jáde, àwọ̀ ò yí padà rárá. Ẹ̀yin ará Rẹ́mọ, Ìjẹ̀bú dúpẹ́, tí ẹ bá wá s'Ójúde Ọba ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù, fọ́tò yín ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè máa fi disk àtijọ́ yẹn kó fọ́tò sí? 265GB ṣì wà lórí ẹ̀ o.

Ẹ̀rọ_Rẹ́mọ

Rárá o. Ẹ jẹ́ kó wà nínú dúrọ́ọ̀ títí ẹ ó fi rí i pé kò sóhun tó ṣẹ́ kù lórí ẹ̀ tí ẹ nílò, kí ẹ má sì kó nǹkan tuntun sí i. Èyí tó wà lórí external yẹn náà, ẹyọ kan ló ṣì jẹ́, ẹ wá ibi kejì fún un kí Ojúde Ọba tó dé. Lórí SSD ẹ bá mi ṣe chkdsk C: /b lẹ́ẹ̀kan, torí àmì ibi tó bàjẹ́ tí chkdsk fi sára ti àtijọ́ bá clone wá, á sì máa yẹra fún ibi tí kò ṣe nǹkan kan. Kí ẹ wá tan BitLocker padà tí ẹ bá fẹ́, tí key tuntun bá jáde ẹ kọ ìyẹn náà.

Ọmọ_Mákùn

Bàbá, ẹ má bínú, tèmi ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń pè ní M.2 nínú. Ṣé bákan náà ni wọ́n máa ń ṣe é?

Ẹ̀rọ_Rẹ́mọ

Ó jọra, ṣùgbọ́n kọ́kọ́ mọ̀ bóyá NVMe ni ihò yẹn ń gbà àbí SATA, irú SSD méjì tó máa ń wọ ihò bẹ́ẹ̀, ojú méjèèjì jọra, èyí tí kò bá bá a mu kò ní ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ NVMe tí ó wá gbé INACCESSIBLE_BOOT_DEVICE jáde lẹ́yìn clone, bá Safe Mode wọlé lẹ́ẹ̀kan kó rí dráífà ẹ̀, kó o wá tún un tàn bó ṣe yẹ. Ìyókù, ya fọ́tò inú láptọ́ọ̀pù ẹ àti ohun tí msinfo32 sọ, kó o ṣí ọ̀rọ̀ tuntun fún un kí ti bọ̀ọ̀dá yìí má baà dàrú mọ́ tìẹ.